Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó bàbá yín ní Ìsarà

Ẹ ní ọ́fíìsì wo lẹ máa kọ̀wé sí, àti pé ta ni yóò sanwó igi kòkó tó wó. Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú wa rí lápá Ìjẹ̀bú-Igbó, kẹ́nikẹ́ni má baà fẹnu dídùn tàn yín.

Yanrìn odò ni wọ́n kọ́kọ́ wá kó ní tiwa, kí wọ́n tó yà sórí ilẹ̀ pupa. Òru ni típà ń rìn. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò lọ, bẹ́ẹ̀ ni etí odò ń ya lulẹ̀, tómi inú ilẹ̀ sì ń sá sísàlẹ̀. Kànga tí ìyá wa ti ń pọn látìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó di ẹrẹ̀, ó sì gbẹ. Òjò wá dé, ọ̀gbàrá gba ojú ihò wọnú oko. Ẹ ó rí gbòǹgbò kòkó tó ń fì létí ihò, ewé ṣì tutù lórí ẹ̀, èso ṣì wà lára ẹ̀. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, igi ti wà nínú omi. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, tí bàbá bàbá wa dáko sí, àwọn tó kó o lọ ò tiẹ̀ lò ó, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n dà á sí kómi lè gbé e lọ.

A lọ sí kánsù, wọ́n ní ti ìpínlẹ̀ ni. Àwọn ti ìpínlẹ̀ ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Wọn ò kúkú parọ́: òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ bẹ́ẹ̀, yanrìn àti ilẹ̀ pupa wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń roko náà ni wọ́n á wá máa gbá kiri bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá kan tó wá yẹ ibẹ̀ wò ò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ṣé ibí náà nìyí?" Ìròyìn tó kọ ní kò séwu. Ọ̀mọ̀wé kan tiẹ̀ ní ká gbin ọparun sétí ihò. Ihò tó jìn ju ilé alájà kan lọ!

Ẹ má jẹ́ kọ́mọdé lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra pulọ́ọ̀tì lọ́nà Ṣàgámù, ẹ béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fi pàǹtí dí ihò, wọ́n á da ilẹ̀ pupa lé e, ó ti di ẹ́síteètì nìyẹn. Àkùrọ̀ tí wọ́n bá sì dí, omi ẹ̀ á wá ibòmíì gbà, ó lè jẹ́ pálọ̀ yín.

Ọ́fíìsì tẹ́ ẹ béèrè: ti ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwakùsà, l'Abẹ́òkúta. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní àwọn ò rí i rí. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ àwọn agbẹ́lẹ̀ náà hàn. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún típà lẹ́bàá ọ̀nà kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ní ti kòkó, òfin ní kẹ́ni tó níwèé àṣẹ sanwó ohun ọ̀gbìn tó bà jẹ́. Tí kò bá níwèé, ẹ lọ bá lọ́yà.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé rárá, ẹ pe mọ̀lẹ́bí jókòó. Ẹnì kan ti gbowó nínú wọn. Ní tiwa, ẹni tó ń sunkún jù nípàdé ló ń gba owó típà.

Ẹ̀hẹn, ẹ wọn ibi tí ihò yẹn wà sí títì. Òfin 2007 yẹn náà ò fàyè gba ìwakùsà láàárín 50 mítà sójú ọ̀nà ìjọba, tàbí lórí itẹ́ òkú àti ojúbọ. Bí ẹ bá rí ọ̀kan níbẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà.