Ọmọ Ọdún Mẹ́fà Kò Tíì Nílò Látìn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, arábìnrin mi ní Iléṣà. Ẹ ní ọmọ yín àgbà jẹ́ ọdún 6, àbúrò rẹ̀ ọdún 4, ẹ sì fẹ́ máa kọ́ wọn nílé ní ìlànà classical ti àwọn Kristẹni, ìyẹn ẹ̀kọ́ bíi ti Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́, tí Látìn, èdè Róòmù, wà nínú rẹ̀. Ẹ ní owó ìwé tó ń ti Amẹ́ríkà wá ń dẹ́rù bà yín, ẹ ò gbọ́ Látìn, ẹ ò sì mọ bí wọ́n á ṣe ṣe WAEC lọ́jọ́ iwájú. Ilé-Ifẹ̀ níbí lèmi ti kọ́ àwọn tèmi, àkọ́bí ti wà ní girama báyìí. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ìpele mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà: gírámà, tí ọmọ ń há ìpìlẹ̀ ìmọ̀ sórí; lọ́jíìkì, tó ń kọ́ láti ronú kó sì jiyàn; rẹ́tọ́ríìkì, tó ń kọ́ láti sọ̀rọ̀ kó dán mọ́rán. Dorothy Sayers, obìnrin ará Ìlú Ọba tó sọ̀rọ̀ lé e lórí ní Oxford lọ́dún 1947, fi ọmọ tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ wé odídẹrẹ́. Ohun tó bá gbọ́ ló ń tún sọ, á máa fi ṣeré, òye rẹ̀ á tẹ̀lé e bọ̀. Àwa tí à ń ki ọmọ lóríkì kó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ta ló tún fẹ́ ta ìyẹn fún wa ní dọ́là?

Sáàmù la fi bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ìkẹtàdínlọ́gọ́fà la kọ́kọ́ mú, torí ẹsẹ 2 péré ni, kí ọmọ lè rí i pé òun ti mọ odidi Sáàmù kan tán. Ẹ̀yìn ìyẹn la kó sí 23, ká tó kó sí 121. Bíbélì àtijọ́ là ń lò, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣiṣẹ́ lé lórí, torí ó dùn-ún kà sókè ju ti òde òní lọ. Èrò tèmi nìyẹn, ẹ lè má gbà. Ìgbà tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà la máa ń ṣe é. Èmi á ka ìlà kan, wọ́n á kà á tẹ̀lé mi. Tọ́wọ́ mi bá ti ba òkúta, ẹni tó ń kà lọ́wọ́ á dákẹ́, èkejì á gbà á níbẹ̀. Wọ́n á wá tẹjú mọ́ àwo ẹ̀wà náà bíi pé àwọn ló fẹ́ sè é.

Kátíkísìmù inú ìwé àdúrà Áńgílíkà náà wúlò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni "Kí ni orúkọ rẹ?" Lọ́jọ́ tí mo bi kékeré léèrè, ó ka ti ìwé ìrìbọmi, ó ka oríkì, ó ka èyí tí ìyá àgbà ń pè é, ó tún fi èyí tí wọ́n ń pè é ládùúgbò tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín ṣubú kó tó ṣe tán.

Wọ́n á sọ fún yín pé Yorùbá yìí á ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti dán an wò. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún 6, tí Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún.

Ìtàn ni èmi àtàwọn ìwé òyìnbó yẹn ti ń jà. Íjíbítì, Gíríìsì, Róòmù, wọ́n á wá já sí Yúróòpù, ó parí. A lẹ bébà gígùn mọ́ ògiri pálọ̀, à ń kọ ọdún sí i. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àtijọ́, wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 354 ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí. Crowther wà níbẹ̀, ó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Láàárín wọn la kọ àwọn orí idẹ Ifẹ̀ sí, èyí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. A lọ wo irú wọn ní mùsíọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. A tún dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ ka ìṣó ara rẹ̀, wọ́n kà á títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí èyí tí wọ́n ti kà.

Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá bá mi pé kí ni mo ń mú ọmọ Kristẹni lọ ṣe nídìí òrìṣà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tiẹ̀, Zeus, òrìṣà àwọn Gíríìkì, ló jókòó sí ojú ìwé, Apollo, òrìṣà wọn mìíràn, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé nítorí pé òyìnbó ló yà á ni ti Zeus ṣe jẹ́ ìtàn, tí ti Ọ̀rànmíyàn wá di ìbọ̀rìṣà? Láti ọ̀rúndún kẹrin ni Bíṣọ́ọ̀bù Basil ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀dọ́ lórí bí wọ́n ṣe lè mú ohun rere nínú ìwé àwọn Gíríìkì kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ohun tí àwọn baba wa gbà gbọ́, mo sì máa ń sọ ohun tí àwa gbà gbọ́. Ẹni tí kò bá lè sọ méjèèjì fún ọmọ rẹ̀, kó má wulẹ̀ ṣe classical.

Látìn, ẹ fi í sílẹ̀ títí ọmọ á fi tó bí ọdún 9 tàbí 10. Sáà yẹn ẹ ó jọ kọ́ ọ ni. Kí ẹ ti ka iṣẹ́ ọjọ́ kejì lálẹ́, ó tó. Ní báyìí, ẹ kọ́ ọ láti fi àmì ohùn sórí Yorùbá dáadáa, iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi ní ṣé owó ilé-ìwé ni kò sí ni. N kò bá a jiyàn, mo ní kí wọ́n máa pa àlọ́ fún wọn lálẹ́. Láàárọ̀, ọmọ á pa á padà fún mi láìfò, èmi á sì máa bi í pé kí nìdí tí ìjàpá fi ṣe báyẹn. Ìwé òyìnbó náà ní ká máa ṣe irú rẹ̀, màmá kàn ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti ìdánwò kò le tó bí ẹ ṣe rò. NECO ló ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí girama ìjọba àpapọ̀, WAEC náà sì ní ìdánwò fún àwọn tí kì í ṣe ilé-ìwé ló forúkọ wọn sílẹ̀. Àmọ́ òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ní ilé-ìwé. Nítorí náà, ẹ tètè lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé àdáni kan tó mọ̀ yín sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì ju ìwé iṣẹ́ kankan nù. Ẹ kọ ọjọ́ sórí gbogbo rẹ̀.

Wákàtí kan sí méjì lójúmọ́ tó fún ọmọ ọdún 6. Ti ọdún 4 yẹn, ẹ jẹ́ kó máa ṣeré rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀. Á ti gba Sáàmù náà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀.