Irun mi ń re láti ìgbà tí mo ti ń fọ ẹ̀jẹ̀

Ẹ BI MÀMÁ NỌ́Ọ̀SÌ. Ọdún 24 ni Màmá Nọ́ọ̀sì fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

Ìbéèrè: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 46 ni mí, aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Oṣù kẹta ọdún yìí ni wọ́n sáré gbé mi dé ilé-ìwòsàn, mi ò lè mí délẹ̀ mọ́. Wọ́n fi páìpù sí mi lọ́rùn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ. Bí owó bá há, a di ẹ̀ẹ̀kan. Mo dúpẹ́ pé mo ti ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ni irun mi ti ń re. Mò ń bá a lórí ìrọ̀rí, mò ń bá a lára aṣọ oníbàárà, bí mo bá sì fi òòyà kàn án, ìkúnwọ́ ló ń bá a jáde. Èyí tó kù gbẹ bíi koríko ìgbà ọyẹ́. Orí tún ń yún mi, ni mo bá ń fi ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn kan ní oògùn tí wọ́n ń fún wa nídìí ẹ̀rọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì ló fà á, pé kí n ní mi ò gbà á mọ́. Aládùúgbò mi kan sì ń ta àgbo tó ní ó ń hu irun. Ǹ bá gé irun náà kí n sinmi, àmọ́ ìyá ọkọ mi yarí. Wọ́n ní ọmọ òun tó jẹ́ ọkọ mi ṣì wà láàyè, kí n má ṣe bí opó. Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó ọmọbìnrin mi. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìyàwó, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Ìyàwó mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí kì í ro ti irun. Ní wọ́ọ̀dù wa, mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ ńlá méjì sápá láì mira, tí omi sì bọ́ lójú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n tú ìborí wọn níwájú mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka oṣù. Oṣù kẹta ni ara yín dàrú, oṣù kẹfà ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í re. Oṣù mẹ́ta géérégé ni. Kì í ṣe gbogbo irun orí ló ń hù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń hù, àwọn kan ń sinmi, èyí tó bá sinmi tán a bọ́ kí òmíràn lè yọ. Lórí ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá, 50 sí 100 ló ń bọ́ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n bí àìsàn ńlá bá gbá ara mú, ọ̀pọ̀ irun á jọ lọ sinmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn ò ní bọ́ lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á tó máa bọ́, nígbà tí aláìsàn ti ń rò pé òun ti rékọjá rẹ̀. Ohun tí ẹ ń bá lórí ìrọ̀rí lónìí, ọ̀ràn oṣù kẹta ni. Bí ìrókò ṣe ń wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn tí kò sì kú ni, gbòǹgbò irun yín ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ tẹ́ aṣọ pupa sórí tábìlì ìgéṣọ yín, ẹ kó irun tó bá òòyà jáde lé e, ẹ gbé e sójú oòrùn. Pupa ni mo fẹ́, kí irun dúdú àti ìdí rẹ̀ funfun lè hàn lórí rẹ̀. Èyí tó bá ní kókó funfun bíńtín lópin, ó re láti ìdí ni, inú ara ló ti wá. Èyí tó kúrú tí kò ní kókó, ó kán ni, gbígbẹ ló pa á. Mo fura pé ẹ máa rí méjèèjì.

Kí ló dé tó fi ń gbẹ? Kíndìnrín tó dá ṣáṣá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rọ tí ẹ̀ ń lọ bá fún wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 8 ló fi ń ṣiṣẹ́ nínú 168 tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ́ kí ibi tí òróró àti òógùn ti ń wá lára súnkì, awọ orí á gbẹ, á máa yún. Phosphate, èròjà inú oúnjẹ kan tí kíndìnrín máa ń dà nù, náà máa ń fa yíyún bó bá pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fi ń dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo mọ̀ pé owó ni. Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH n'Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Bí kì í bá ṣe ibẹ̀ ni ẹ̀ ń lọ, ẹ rán ẹnì kan lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń gba orúkọ.

Ẹ má mu omi ju èyí tí wọ́n wọ̀n fún yín nítorí irun. Kò ní dé orí. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ kún.

Ẹ ò kọ ohun tí ẹ̀ ń jẹ sínú lẹ́tà, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù sì nìyẹn. Àwọn tí kíndìnrín wọn ń rẹ̀yìn ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì dé ìdí ẹ̀rọ, a máa ń ní kí wọ́n dín ẹran, ẹja àti ẹyin kù. Ọjọ́ tí fífọ ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ni òfin yẹn ti yí padà, ọ̀pọ̀ ni kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kó ìdọ̀tí lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń kó lára protéènì, ìyẹn ohun tí ara fi ń mọ ẹran ara àti irun, lọ. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nílò nǹkan bíi gíráàmù 1 sí 1.2 protéènì lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni 60 kílò, 60 sí 72 gíráàmù nìyẹn. Ẹyin kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 6 lọ. Mo tọ́jú ọkùnrin kan tí ẹ̀rù bà débi pé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ilá lásán ló jẹ fún oṣù mẹ́jọ. Irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ọmọ tí oúnjẹ ò kánú. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní funfun ẹyin láàárọ̀ àti ẹja tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ lọ́sàn-án, lálẹ́ náà adìẹ, ni èyí tó ń hù jáde tún dúdú. Ẹ béèrè iye tó tọ́ sí yín lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú yín. Ẹ má sì fi ẹ̀wà àti ẹ̀pà rọ́pò ẹran láì bi wọ́n, nítorí phosphate àti potassium, èròjà mìíràn tí kíndìnrín máa ń dà nù, tó wà nínú wọn.

Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín fún ferritin (tó ń fi iye áyọ́ọ̀nù, ìyẹn iron, tó wà nípamọ́ lára hàn), albumin (protéènì inú ẹ̀jẹ̀), síǹkì àti táírọ́ọ̀dù (ẹ̀yà ara kan ní ọ̀nà ọ̀fun). Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń ṣẹ́kù sínú rọ́bà ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì pẹ́ tí áyọ́ọ̀nù ara fi ń tán. Ẹni tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tán, kò sí òróró tó lè mú irun rẹ̀ dúró.

Ti oògùn ìdí ẹ̀rọ, heparin ni ẹ̀ ń wí. Òótọ́ ni pé ó lè mú irun àwọn kan re. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ̀ ọ́ fúnra yín, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ yẹn á ṣòfò, áyọ́ọ̀nù á tún lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé irun ń re, kí ó wo ìwọ̀n rẹ̀ àti àwọn oògùn ìfúnpá yín pọ̀.

Àgbo ńkọ́? Ìyá Ìyàwó, mo bẹ̀ yín lórúkọ ìgbéyàwó tí ẹ̀ ń retí, ẹ má fi kan ẹnu. Ohun tí ẹ bá mu tí kíndìnrín kò lè tú dà nù, inú ara ni yóò jókòó sí. Mi ò mọ ohun tí aládùúgbò yín rì sínú ìgò, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì ṣì ń tọ̀ díẹ̀, ìtọ̀ yẹn níye lórí gan-an, kíndìnrín yín ló ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àgbo gbà á lọ́wọ́ yín.

Ó kan ìtọ́jú irun fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀. Eérú wà nínú rẹ̀, ó ń bó ìwọ̀nba òróró tó kù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣáńpù tí kò le, kí ẹ fi kọ̀ndíṣọ́nà tẹ̀lé e. Kí irun tó gbẹ tán, ẹ fi òrí tàbí àdín àgbọn pa á. Òrí kì í fún irun lómi, ó ń dé omi mọ́ ọn ni, ìdí nìyẹn tí fífi í pa irun gbígbẹ kì í fi í jọ ni lójú. Páìpù ọrùn yín kò gbọdọ̀ kan omi láéláé! Kòkòrò tó bá bá ibẹ̀ wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ tààrà. Ẹ má dorí kodò sínú báfù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín bóyá wọ́n fọwọ́ sí i kí ẹ jókòó, kí ẹ gbórí sẹ́yìn bíi ti ṣọ́ọ̀bù onídìrí, kí ọmọ yín fi láílọ́ọ̀nù àti táwẹ́lì bo ọrùn kí ó tó bá yín fọ̀ ọ́.

Ẹ má na irun, ẹ má fi àtàṣímẹ́ǹtì wúwo sí i. Ní 2024, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ròyìn ọ̀dọ́bìnrin kan tí kíndìnrín rẹ̀ fara gbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tó bá lọ fi ìpara tó ní glyoxylic acid na irun ní Túnísíà ló ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dì í, kọlẹ́sẹ̀ ńláńlá tí kò fún iwájú orí pọ̀ ló dára.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ọ̀rọ̀ wọn kò yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó fárí, opó ni ojú kọ́kọ́ ń rí, àgbàlagbà tó ti ṣe opó fúnra rẹ̀ kò sì ní fẹ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ gbé aṣọ pupa yẹn lọ síwájú wọn, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tó ń bọ́, kí ọkọ yín sì wà níjòókòó. Ẹ sọ fún wọn pé gígé ni, kì í ṣe fífá. Mo rántí ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ di kílípà mú, tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ilé, tó tún gé tara rẹ̀ tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ opó nínú ilé yẹn. Bí ẹ bá máa gé e, ẹ ra kílípà tiyín nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis, ẹ má sì gé e lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ fọ ẹ̀jẹ̀, nítorí ọgbẹ́ kékeré lè ṣẹ̀jẹ̀ pẹ́.

Irun ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Kó tó di Oṣù Kejìlá, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lẹ máa rí bí gbogbo nǹkan bá tò. Ẹ wọ fìlà sátíìnì sábẹ́ gèlè, kí wọ́n má fún un pa iwájú orí, kí ẹ sì jó. Bí ojú kan bá pá róbótó, tàbí tó ń ṣọyún, ẹ wá dókítà awọ ara, ìyẹn ti yàtọ̀ sí ohun tí mo ń wí.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Abẹ́òkúta ni màmá mi wà, wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀, irun wọn ti lọ. Mo ti ra fítámì irun ìgò mẹ́rin níbí, mo fẹ́ fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ṣé kí wọ́n máa lo méjì lójúmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́?
Àbẹ̀ní ọmọ Ẹ̀gbá, London

Ìdáhùn: Àbẹ̀ní ọmọ mi, o káre, ṣùgbọ́n yí ìgò náà padà ná. Bí o bá rí vitamin A tàbí retinol níbẹ̀, má fi ránṣẹ́. Ara ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kì í lè dà á nù dáadáa, ṣe ló ń pọ̀ sí i, àpọ̀jù rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì máa ń mú irun re. Bí biotin (ọ̀kan nínú fítámì ìdílé B) bá pọ̀ níbẹ̀, ó lè mú kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn purọ́, pàápàá ti táírọ́ọ̀dù. Àwọn fítámì tí ẹ̀rọ ń fọ̀ lọ, bíi ti ìdílé B àti folic acid, ní èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, dókítà wọn ló máa kọ ọ́. Ya àwòrán ẹ̀yìn ìgò náà, fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tẹ̀lé màmá lọ sílé-ìwòsàn kí ó fi han dókítà. Ẹni tó ń bọ̀ wálé náà, fún un ní fìlà sátíìnì méjì àti aṣọ ìrọ̀rí sátíìnì, kí o sì fi owó fífọ ẹ̀jẹ̀ oṣù yìí kún un.