Kẹ̀kẹ́ lórí odi Xi'an

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọjọ́ kan péré ni mo máa lò ní Xi'an, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ṣé mo lè fi kẹ̀kẹ́ yí odi ìlú náà ká?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Odi ayé ìjọba Ming (ìdílé ọba kan ní Ṣáínà àtijọ́) yìí gùn tó kìlómítà 13.7, ó ga tó mítà 12. Ẹ gba Yongning, ẹnubodè gúúsù, gòkè. Wọ́n ń háyà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání. Ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀, nítorí bíríkì orí odi kò tẹ́jú, ẹni tó bá sáré á gbọ̀n jìgìjìgì. Bíríkì náà a máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Kò sí ibòji, nítorí náà ẹ tètè jí lọ, kẹ́ ẹ sì gbé omi dání. Àwọn ère ọmọ ogun tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n hú jáde ní 1974, wà lẹ́yìn ìlú. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ fi ṣe tiwọn.