Ẹ má lo lọ́yà ẹnu ọ̀nà téṣàn

Ẹ kú ìnira o. Ẹ ní ọlọ́pàá lu àbúrò yín, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin láìgbé e dé kóòtù, ẹ wá ń wá lọ́yà tí yóò bá yín pè wọ́n lẹ́jọ́ tí owó rẹ̀ kò ní pa yín. Ojú mi ti rí i ní Ìbàdàn. Inú mi ṣì máa ń ru tí mo bá rántí.

Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà téṣàn, "charge and bail" là ń pè wọ́n. Irú wọn ni wọ́n bá mi mú wá. Òun àti IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ mi, tó fọ́ mi létí, ń fi orúkọ ìnagijẹ pe ara wọn! Wọ́n gbé ìwé síwájú mi pé kí n fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí. Etí òsì mi ń hó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀wù mi lọ́rùn. Mo ní n ò fọwọ́ sí i. Lọ́yà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sanwó fún ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ sí mi létí pé, "Fọwọ́ sí i, jẹ́ ká máa lọ." Lọ́yà tèmi o! Nítorí pé mo kọ̀, wọ́n dá mi padà sí sẹ́ẹ̀lì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba owó béèlì lọ́wọ́ màmá mi, lábẹ́ ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Títí dòní, etí yẹn kò gbọ́ràn bí èkejì.

Ẹni tó ti gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ sí Háì Kọ́ọ̀tù rí ni kí ẹ wá. Ẹ bi í pé ẹjọ́ ọlọ́pàá wo ló ti ṣe, ibo ló sì já sí. Abala 35 nínú ìwé òfin 1999 ni yóò dì mú: bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé ènìyàn débẹ̀. Abala yẹn náà ló ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́.

Bí lọ́yà bá ní oṣù mẹ́ta ti kọjá, ẹjọ́ ti kú, ẹ dìde níwájú rẹ̀. Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 kò fi gbèdéke kankan sí i. Lọ́yà kan sọ fún mi pé ẹjọ́ mi ti kú, ó sì tún gbowó lọ́wọ́ mi kí n tó jáde.

Ní ti owó: Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bá ènìyàn wá lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, OPD (Office of the Public Defender), ọ́fíìsì lọ́yà ti ìjọba ìpínlẹ̀, kì í gbowó. Ẹ tún béèrè ní ẹ̀ka NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ní ìlú yín. Iye tí ẹ bá jọ ṣàdéhùn, kó wà lákọsílẹ̀.

Ẹ gbé àbúrò yín lọ sí ọsibítù ìjọba lónìí, kí dókítà kọ ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò wọn. Tí àwọn ọlọ́pàá bá pè é pé kó wá gba fóònù rẹ̀ ní téṣàn, kó má dá lọ.