Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà Tí Ìjọ Kò Lè Péjọ

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, akọ̀wé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Iléṣà ni mí. Ògiri ilé ìsìn wa ti là, àwọn tí ó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ sì ní kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀ mọ́ títí òjò yóò fi dá, tí a ó sì lè tún un ṣe. A kò rí gbọ̀ngàn tí yóò gba gbogbo wa. Ohun tí ojú wa rí ní ọdún 2020 ni ó ń bà mí lẹ́rù. Nígbà kónílé-ó-gbélé, a gbé ìwàásù sórí WhatsApp, àwọn ènìyàn sì ń kọ “Àmín” sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a padà ṣílẹ̀kùn, àwọn kan kò wá mọ́, a kò sì tètè mọ̀. Àgbà ìjọ kan tún ní Hébérù orí 10, ẹsẹ 25 kò fàyè gba kí a jókòó sílé. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin akọ̀wé. Ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ kò tètè mọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwàásù kọ́ ni ìjọ yín pàdánù ní ọdún náà. Ẹni tí yóò mọ̀ pé lágbájá kò sí níjòókòó ni ó sọnù. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a bá péjọ, a kì í yan ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ yìí: ìyá kan yóò wo àyè ẹnìkejì rẹ̀ tí ó ṣófo, yóò bi ọmọ rẹ̀ léèrè lẹ́nu ọ̀nà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, ó ti yà sílé rẹ̀. Lórí WhatsApp, a kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó dákẹ́ àti ẹni tí ó ti lọ.

Ilé yín gan-an ni ìdáhùn wà. Ní oṣù kejì ọdún 1742, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀nà àtisan gbèsè ilé ìsìn wọn. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa dá kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé àwọn mìíràn kò ní, ó ní kí wọ́n fi àwọn mọ́kànlá tí ó tálákà jù lọ lé òun lọ́wọ́, pé òun yóò máa yà sọ́dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun yóò sì san ti ẹni tí kò bá ní. Bí àwọn agbowó wọ̀nyí ti ń lọ láti ilé dé ilé ni wọ́n ń rí ẹni tí ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà àti ẹni tí ọtí ti ń mú lọ. Bí kíláàsì, ìyẹn àwùjọ kéékèèké tí a pín ìjọ sí lábẹ́ olórí kọ̀ọ̀kan, ṣe di iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa lónìí, ó ti padà di ti owó nìkan.

Nítorí náà, ẹ gbé ìwé kíláàsì jáde, kí ẹ sì tún un pín ní àdúgbò-àdúgbò, kí ará Bọ́lọ́rundúró wà pẹ̀lú ará Bọ́lọ́rundúró, kí ẹnikẹ́ni má sì bojú tó ju ènìyàn méjìlá lọ. Kí olórí kíláàsì fi ohùn pe olúkúlùkù kí ọjọ́ Sátidé tó parí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò tó. Kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, kí ó má sì mẹ́nu kan owó rárá, nítorí ẹni tí ó bá jẹ ìjọ ní owó àdéhùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpè. Ẹni tí a kò bá rí bá sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìjọ ni kí ó máa ra káàdì ìpè fún àwọn olórí wọ̀nyí o. Bí ẹ bá dì í rù wọ́n, ìpè náà kò ní pé oṣù kan.

Fún àwọn àgbà tí fóònù wọn kò gba WhatsApp, ẹ tẹ orin, ẹ̀kọ́ kíkà àti kókó ìwàásù sí ojú ìwé kan, kí àwọn ọmọ máa pín in. Ẹ má fojú kékeré wo ìwé. Ẹgbẹ́ àdúrà Òkúta Iyebíye, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1918 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú, lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia, láìsí míṣọ́nnárì kan tí ó ti ibẹ̀ wá bá wọn gbé. Ẹ̀ka irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní Òkè-Ooyè, ní Iléṣà yín níbẹ̀, nígbà tí ìsọjí ọdún 1930 bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n ń kọ èsì padà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìwé yín fún ẹ̀bẹ̀ àdúrà, kí ọmọ tí ó gbé e lọ sì gbà á padà bọ̀.

Àgbà yín kò ṣìnà pátápátá. Ẹsẹ náà kọ̀ kí a pa ìpéjọpọ̀ tì, ó sì ní kí a máa gba ara wa níyànjú, èyí tí ohùn ẹnì kan ṣoṣo lórí fóònù kò lè ṣe fún gbogbo ìjọ. Ẹ fún òun náà ní kíláàsì kan. Ní ti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ béèrè lọ́wọ́ alábòójútó yín kí ẹ tó dán ohunkóhun wò nílé.

ÌBÉÈRÈ: Láti Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n ń gbọ́ ìsìn lórí rédíò, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn kò sí nínú ìjọ mọ́. Báwo ni mo ṣe lè tù wọ́n nínú?

ÌDÁHÙN: Mo rò pé iṣẹ́ ni màmá ń wá. Rédíò ń fún wọn ní ìsìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń retí ohunkóhun láti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ bá ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ̀rọ̀, kí ó fi àwọn obìnrin mélòó kan lé wọn lọ́wọ́, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí tí ọkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí wọn yóò máa fi fóònù pè, tí wọn yóò sì máa gbàdúrà fún. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn gàdàgbà-gàdàgbà sí ara páálí, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, níbi tí ojú wọn yóò ti lè kà á láìsí pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ̀ ẹ́.