Ẹ má tíì ra tọ́bò kẹta

Ẹ̀gbọ́n tó ní tọ́bò ọkọ̀ dísù òun (ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì) ti kú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mélòó kan, tí mẹkáníìkì tún ní kó lọ ra òmíràn n'Ílọrin: ẹ di owó yín mú ná. Tọ́bò kì í ṣàdédé kú. Ohun tó pa àkọ́kọ́ ló pa ìkejì, ó sì wà nínú ọkọ̀ yẹn síbẹ̀.

Ẹ gba èyí tó kú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí etí abẹ̀bẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ bá ti jẹ, tó fẹ́lẹ́ bíi bíléèdì, eruku ni. Fílítà afẹ́fẹ́ yín tàbí róbà tó ti ibẹ̀ wọ tọ́bò ti ya, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ogbómọ̀ṣọ́ lásìkò ọyẹ́ kò sì ní ṣàánú yín. Tí ọ̀pá àárín bá ti jóná, tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni kò dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ojú ibi tí nǹkan ti ha á wà lára rẹ̀ yípo, ọ́ìlì ẹlẹ́gbin ni.

Ọ́ìlì ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì nìkan ló sì ń léfòó. Páìpù tín-ín-rín tó ń gbé ọ́ìlì wọlé, ooru máa ń sun ọ́ìlì di èédú nínú rẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù sí ẹnu rẹ̀ dípò gáskẹ́ẹ̀tì: èyí tó bá yọ sínú máa já, á sì dí ihò.

Páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà gbọ́dọ̀ gbòòrò, kó sì dagẹ̀ẹ̀rẹ̀. Tó bá dí, tàbí tí bíríídà ẹ́ńjìnnì (ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí síta) dí, ọ́ìlì á gba inú tọ́bò tuntun jáde, èéfín búlúù á gbòde, wọ́n á ní ayédèrú lẹ rà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Tó bá ń fẹ́ gidi, tí bíríídà sì mọ́, ríìngì písítìnì ẹ́ńjìnnì ti jẹ. Tọ́bò kọ́ nìyẹn.

Èéfín dúdú yàtọ̀: afẹ́fẹ́ ń jò, tàbí dísù pọ̀ jù. Ẹ wo róbà íńtákúlà (ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ tó ti tọ́bò jáde), kí ẹ wá ojú èédú lára màńífóòdù (irin tó ń kó èéfín jáde nínú ẹ́ńjìnnì), níbi tí gáskẹ́ẹ̀tì ti fẹ́.

Ẹ da ọ́ìlì inú íńtákúlà nù pátápátá kí ẹ tó de tuntun. Ẹ́ńjìnnì dísù lè fa ọ́ìlì yẹn mu bí epo, á máa sáré lọ, ẹ ó pa kọ́kọ́rọ́ títí, kò ní gbọ́.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀. Ẹ bu ọ́ìlì mímọ́ sí ihò tọ́bò, kí ẹ fọwọ́ yí i. Ẹ já wáyà tó ń ṣí dísù, kí ẹ fi kíìkì yí ẹ́ńjìnnì ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sinmi, ẹ tún yí i, títí ọ́ìlì á fi jáde ní páìpù ìdápadà. Ẹ so wáyà yẹn padà, kí ẹ wá ṣáná sí i, kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, láì tẹ iná mọ́ ọn, fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú: kó mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kò burú, àmọ́ tó bá ń wọlé-jáde, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ ń ha ara ilé rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.