Kúkíìsì tí kì í dé ófùn: kí ló dé tí tèmi ò dì?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kúkíìsì ótì àtijọ́ tí wọ́n ń se lórí iná yẹn, tí wọn kì í gbé sí ófùn rárá, ó ti fẹ́ sú mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ se ò dì, ó sùn sínú fíríìjì mọ́jú ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá jẹ́ kí ìkejì pẹ́ lórí iná, àfi bó ṣe gbẹ mọ́ ìkòkò, ìwọ̀nba tí mo rí bù jáde ń rún bí iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú kan tí wọ́n kọ ni mo kà nígbà àkọ́kọ́ o. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú yẹn ni mo fura sí. Tó bá kọ́kọ́ ń yọ ìfófòó létí ìkòkò, kò tíì tó kíkà. Dúró dìgbà tí gbogbo ojú ẹ̀ bá ń hó, àtàárín àtẹ̀gbẹ́, tí o bá fi ṣíbí rò ó tí kò dáwọ́ híhó dúró, ìgbà yẹn ni kó o wo aago, ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀, o pa iná.

Ìdí ni pé kò sí ẹyin ńbẹ̀, kò sí fláwà, ṣúgà ló ń dì í mú. Bó ṣe ń hó ni omi inú mílíìkì ń fò lọ tí ṣúgà ń ki sí i, tí gbígbóná ẹ̀ á sì kọjá 100 tí omi lásán fi ń hó, á tó nǹkan bíi 110 lórí ìwọ̀n Celsius. Tí omi bá ṣẹ́kù jù, á máa lẹ̀. Tó bá lọ jù, ṣúgà á padà di hóró, òun niyanrìn tí o rí yẹn. Tí o bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ṣúgà, lò ó, torí iná yàtọ̀ síra, ìkòkò náà yàtọ̀ síra.

Ìwọ̀n tèmi rèé: ṣúgà ife 2, mílíìkì ìdajì ife, bọ́tà ìdajì ife, kòkó lílọ̀ ìdámẹ́rin ife, iyọ̀ bíńtín, àwọn yẹn ló máa hó pọ̀. Tí o bá ti pa iná lo máa fi bọ́tà ẹ̀pà ìdajì ife sí i, fánílà ṣíbí tíì kan, àti ótì ife 3. Ótì wẹ́wẹ́ tó ń tètè jinná ni kó o lò o, èyí tí wọ́n gé ṣákaṣàka yẹn á le kankan lẹ́nu torí a ò sè é. Bọ́tà ẹ̀pà tí òróró ń léfòó lórí ẹ̀ náà máa ń jẹ́ kó rọ̀ jù, mi ò kì í lò ó. Jọ̀ọ́, wọn gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó o tó tanná, torí tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kò sáyè mọ́, kó o rò ó pọ̀ kíá, kó o máa bù ú sórí bébà tí kì í lẹ̀, kó o fi sílẹ̀ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní tí ò bá dì kó o kàn da ótì sí i, mi ò fara mọ́ ọn rárá, á ki lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà tí ò hó tó ò ní torí ẹ̀ hó tó. Èyí tó ń lẹ̀ yẹn, fi ṣíbí jẹ ẹ́ tàbí kó o bù ú lé áísìkiríìmù, ó dùn gan-an. Èyí tó ń gbẹ, tó bá ṣì gbóná nínú ìkòkò, ta mílíìkì gbígbóná ṣíbí kan sí i, rò ó kíákíá, kó o yáa bù ú sílẹ̀.